Irúgbìn Ẹ̀bá Ọ̀nà

Ọjọ́ kẹwàá rèé tí wọ́n ti gbin àgbàdo sí oko ẹ̀bá ọ̀nà, ilẹ̀ náà sì mọ́ tónítóní bí àwo tí ajá lá.

Oòrùn ò tíì yọ tán nígbà tí Ìyàwó dé ibẹ̀. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ọmọ tirẹ̀ fi di ìyàwó nílé ẹlòmíràn. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo ọ̀tún: àgbàdo aládùúgbò ti yọ ewé mẹ́ta mẹ́ta, ó ń mì nínú atẹ́gùn bí ọmọ tó wọ aṣọ tuntun lọ sí ìsìn. Ó wo òsì: bákan náà ni. Àárín méjèèjì ni oko tiwọn wà, tí wọ́n fi okùn wọ̀n, tí ìlà rẹ̀ gún bí ìlà inú ìwé, tí wọ́n sì ri pátákó funfun kan mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ OKO ÀWÒKỌ́ṢE sí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kọ́ṣe lónìí, ìlà nìkan ni yóò kọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wa ilẹ̀. Èèrà ló rí. Ó wa ibòmíràn, èèrà náà ni. Ó nàró, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ojúlé dé ojúlé, ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn àlejò ń bọ̀. Olùkọ́ ti sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Olùkọ́ yìí, bàtà rẹ̀ kì í dọ̀tí, àjọ kan ló sì rán an wá láti kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun fẹ́ fi ojú ara wọn rí oko náà. Bí wọ́n bá rí ohun tó wù wọ́n, ààbọ̀ àpò irúgbìn tó kù nínú yàrá yóò di ti ilé náà, wọn yóò fi gbin oko ńlá ẹ̀yìn odò. Bí wọn ò bá rí i, àpò náà yóò padà sínú mọ́tò tó gbé e wá. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Irúgbìn àtijọ́ tí wọ́n máa ń so rọ̀ sórí ààrò, kò sí i mọ́. Olùkọ́ ló ní tuntun àti àtijọ́ kò gbọdọ̀ jọ gbé inú ilé kan. Wọ́n sì ti ń sè é jẹ láti oṣù tó kọjá.

Nígbà tí Ìyàwó padà dé ilé, Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ti jókòó sídìí ààrò pẹ̀lú àwo kékeré kan. Àgbàdo sísè pẹ̀lú ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀. Ó ń fi eyín mélòó kan tó kù ní ẹnu jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn òkú.

"Ó hù?"

"Kò hù, Ìyá."

"Hẹ̀n." Ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Eléyìí tí mò ń jẹ yìí, ìyá mi ló fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ. Òun máa ń hù."

Ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ìyàwó bu tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ́. Bí ẹni ń jẹ ọ̀la ni ó rí lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ó ti dé fìlà. Fìlà náà dúdú bí ewé, wọ́n fi òwú funfun kọ orúkọ àjọ náà sí iwájú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní gbọ̀ngàn ìlú ni àwọn aládùúgbò ti sọ ọ́ ní Bàbá Kọ́ọ̀sì. Ó mú fìlà bọ̀, ó mú ìwé àjákọ kan tó kọ ẹ̀kọ́ náà sí bọ̀, ó mú okùn gígùn kan bọ̀ tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ ní ìwọ̀n ìwọ̀n, ó sì mú ìwé ẹ̀rí kan bọ̀ tó fi kọ́ sára ògiri, ó ga ju àwòrán ìgbéyàwó wọn lọ. Nínú gbogbo ohun tó kọ́, okùn nìkan ni ó kọ́ àwọn ará ilé. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ oko lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi okùn wọ̀n ọ́n, ó ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kó gún! Ẹ jẹ́ kó gún!" Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbin irúgbìn gan-an, kò sí ńbẹ̀. Ó ti lọ bá àwọn tí wọ́n jọ gba ẹ̀kọ́ ya fọ́tò.

"Ṣé ó ti yọrí?" ni ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Rárá." Ó gbé àwo sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, àpò tí ẹ gbé wálé, ṣé bí wọ́n ṣe gbé e fún yín náà lẹ ṣe gbé e dé ibí?"

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ìbéèrè yẹn ní ìrù."

"Ẹ fi kẹ̀kẹ́ gbé e gba ọ̀nà ọjà. Ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí ẹ tó wọlé."

"Táyà ló jò!"

"Táyà yẹn kò jò rí o, ọjọ́ irúgbìn nìkan ló jò."

Bàbá Kọ́ọ̀sì ṣí fìlà, ó tún dé e. "Ó dáa. Èmi náà ní ìbéèrè tèmi. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ gbìn ín, èmi ò fojú rí i. Bùrọ̀dá rẹ wá síbí lọ́jọ́ kejì, ó di ẹrù kan lọ."

"Bíríkìlà ni bùrọ̀dá mi! Kí ló fẹ́ fi irúgbìn ṣe, kó fi mọ ògiri?"

"Ṣé mo ní ó jí i? Mo kàn ń béèrè ni."

"Ọ̀rọ̀ mi lẹ gbà tí ẹ sọ padà lù mí."

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun," ni Ìyá Àgbà wí. Kò gbé orí sókè. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ti lanu láti àárọ̀."

Ọkọ ń wo ìyàwó láti abẹ́ fìlà, ìyàwó ń wo táyà kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ ìránṣọ aládùúgbò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lódì kejì ògiri. Aránṣọ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Opó ni, aṣọ ni ó ń rán, ó sì ní oko kékeré kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro. Nígbà tí Olùkọ́ wá kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀, ó bi í pé ta ni olórí ilé rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun ni. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀.

Òun àti Ìyàwó kò kí ara wọn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbin oko náà, adìyẹ Ìyàwó méjì kú lẹ́bàá ògiri tó pààlà láàrin wọn, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ bí igi. Àwọn adìyẹ náà ti ta erùpẹ̀ sí aṣọ oníbàárà Aránṣọ lára lọ́sẹ̀ yẹn, Aránṣọ sì ti sọ pé òun á bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rí wo ni èèyàn tún ń wá? Ìyàwó kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn dúró sí ìdí ògiri, ó ní àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn ní májèlé, tí wọ́n sì ń gbá ilé ìsìn mọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ta ni kò mọ̀ pé Aránṣọ ló ń gbá ibẹ̀? Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n ri àwọn adìyẹ náà mọ́lẹ̀. Ó ní adìyẹ tí ọwọ́ ẹni kò pa, kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ẹni.

Lónìí, Aránṣọ ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ga tó láti fo ògiri.

"Ẹ bá mi wo ojú ọ̀nà o! Mo gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ wá wo oko. Oko wo? Oko tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀! Ìlà ni wọn yóò kó lọ sókè òkun."

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Aránṣọ tún wí. "Mo sọ ọ́ nígbà náà. Ẹni tó fún ọ ní irúgbìn tó sì ní kí o jẹ ti ìyá rẹ, bi í pé kí lo máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyàwó kò lè fara dà á mọ́. Ó lọ sí ìdí ògiri. "Aránṣọ, bí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ sí mi létí."

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Ẹ kúuṣẹ́ o, ìyàwó Bàbá Kọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà ti wá rántí pé mo ní etí?"

"Adìyẹ mi méjì kú lẹ́bàá ògiri yín. Irúgbìn mi sọnù nínú ilẹ̀. Ọlọ́run ń wo gbogbo wa."

"Àmín. Kí Ó máa wò wá kínníkínní." Ohùn Aránṣọ rọ̀, ó sì burú jù bó ṣe le lọ. "Ẹni tó fa igi eléèrà wọlé ló pe aláǹgbá lálejò. Kì í tún wá bi aládùúgbò pé ta ló ṣílẹ̀kùn."

Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀, kíkankíkan. Àtẹ́lẹwọ́ Ìyàwó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ti ń yún un bẹ́ẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, awọ rẹ̀ ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Ọkọ́ tó fi ń ro oko ló fẹ̀sùn kàn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́ta lù, ọkọ rẹ̀ bá a ní ẹ̀yìn ilé. Ó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn àgbàdo kan wà tó lalẹ̀ hù lẹ́yìn balùwẹ̀, ibi tí omi ń dà sí. Bí wọ́n bá hú méjìlá níbẹ̀, wọn á lè tò ó sí ìlà iwájú, ẹ̀gbẹ́ pátákó. Ta ni yóò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò wá wo ìlà ẹ̀yìn?

"Ẹ ń tan Ọlọ́run," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ọlọ́run kọ́ ló ń bọ̀ ní agogo mẹ́rin."

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Ó wúkọ́. Bàbá Kọ́ọ̀sì hú àgbàdo méjìlá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ oko náà. Kí agogo mẹ́rin tó lù, oòrùn ti bá wọn sọ̀rọ̀: gbogbo wọn tẹríba bí ìjọ tí wọ́n ní kó gbàdúrà.

Mọ́tò méjì ló dé. Olùkọ́ bọ́ sílẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Àlejò méjì tẹ̀ lé e, obìnrin àgbàlagbà kan tó dé àkẹtẹ̀, àti ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Àwọn aládùúgbò dúró sẹ́yìn díẹ̀, Aránṣọ wà láàrin wọn, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn.

Àlejò obìnrin béèrè nǹkan ní èdè rẹ̀. Olùkọ́ tú u: "Wọ́n ní ta ló gbin oko yìí?"

"Èmi ni," ni Bàbá Kọ́ọ̀sì dáhùn. Ó gbé àyà síwájú fún kámẹ́rà.

Ìyàwó wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀.

Ojú Olùkọ́ ti lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ó rìn wọ inú oko, ó padà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀kan nínú àwọn àgbàdo tó tẹríba. Ó fà á tu bí ẹni fa òwú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàrin eyín: "Bàbá, kí lẹ ṣe fún mi yìí? Irúgbìn dà? Ní abúlé kejì, wọ́n kó o lọ tà lọ́jà. Ẹ̀yin náà tà á?"

"Mo fi Ọlọ́run búra..."

"Ẹ má tíì búra." Ó yọ ọ̀bẹ kékeré lápò, ó fi wa ilẹ̀ lójú ìlà. Ó wa ọ̀kan, ó wa èkejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́. Èèpo àgbàdo ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná, èèrà ti jẹ inú rẹ̀ tán. "Ẹ wò ó! Funfun! Pupa ni irúgbìn tí mo fún yín, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ gbìn síbí, irúgbìn ọjà ni. Ẹ ti ta tèmi!"

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Kọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá wò ó, nítorí ohun tó ti ń rò láti àárọ̀ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́, ọjà, táyà. Ó kù díẹ̀ kó pariwo pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wo èèpo funfun náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnu rẹ̀ sì là.

"Kò tà á," ni ó wí. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo fọ̀ ọ́. Ó dọ̀tí, ó ń kun ọwọ́. Mo fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta títí tó fi mọ́, mo wá rẹ ẹ́ di òwúrọ̀ kó lè tètè hù, bí Ìyá ṣe kọ́ mi. Ta ní í gbin ìdọ̀tí?"

Olùkọ́ gbá orí mú. "Oògùn ni pupa yẹn! Oògùn èèrà, oògùn kòkòrò! Májèlé ni! Ẹ fi ọwọ́ lásán kàn án? Ṣé ẹ ò rí àwòrán ọwọ́ tó wà lára àpò?"

Ìyàwó ti rí i. Ọwọ́ kan ni, tó na ìka márààrún sókè. Ó ti rò pé wọ́n ń kí àwọn ni.

"Ìbọ̀wọ́ ni! Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ni ó ń wí! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn. Bàbá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, mo dúró tì yín tí ẹ ń kọ ọ́!"

Bàbá Kọ́ọ̀sì fa fìlà wálẹ̀ bo ojú.

Àlejò obìnrin tún béèrè nǹkan. Olùkọ́ tú u láìgbójú sókè: "Wọ́n ní ta ló gbin oko yìí gan-an?"

"Ìyàwó mi ni," ni Bàbá Kọ́ọ̀sì wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àlejò obìnrin na ìka sí Ìyàwó, ó béèrè ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Olùkọ́ mi orí pé rárá. Ó na ọwọ́ sí fìlà Bàbá Kọ́ọ̀sì, bí ẹni ń wí pé ẹni tó wá sí gbọ̀ngàn nìyẹn, ó ṣàlàyé, àlàyé náà sì gùn. Àlejò náà mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó pa á dé.

"Kí ni wọ́n sọ nípa mi?" ni Ìyàwó bi í.

"Wọn ò sọ nǹkan."

"Kí ni wọ́n wá kọ?"

"Ìròyìn ni, màmá. Ìròyìn lásán."

Wọ́n gbé ààbọ̀ àpò náà jáde nínú yàrá, wọ́n gbé e sínú mọ́tò. Olùkọ́ ní òun ò gbà á padà o, yóò kàn wà ní ọ́fíìsì títí àwọn ọ̀gá yóò fi dáhùn. Ìgbà wo ni wọn yóò dáhùn? Kò lè sọ. Nígbà tó ti ń wọ mọ́tò, ó yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ̀kọ́ mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, a óò tún gbogbo èyí sọ dáadáa. Bàbá, kí ẹ wá o. Olórí ilé kọ̀ọ̀kan."

Eruku wọn bo pátákó funfun náà.

Ìyá Àgbà ti fi ọ̀pá rìn dé etí oko. Ó wo ìlà títọ́ náà, ó wo ojú òfuurufú tó ń ṣú bọ̀ láti ìhà odò. "Ìyàwó."

"Ìyá."

"Omi pupa yẹn. Ibo lo dà á sí?"

Ìdí ògiri ni Ìyàwó dà á sí, ibi tí ilẹ̀ ti jìn díẹ̀, tí adìyẹ ti máa ń mu omi. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ tó ní májèlé ní àdúgbò yẹn, òun ló ń fi í jẹun.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Aránṣọ. Obìnrin náà ti padà sídìí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí irin, kò tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó kúnlẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó ti tò lọ́nà, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kò ju èyí lọ:

"Èmi ni mo pa adìyẹ mi. Ẹ dárí jì mí."

Aránṣọ gé òwú kan. Ó tún gé òmíràn. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ni ó wí. "Lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí mo ń gbálẹ̀, àwọn èèyàn ń yà fún mi bí ẹni tí ó ní àrùn. Abiyamọ kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn."

"Èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún wọn. Lójú gbogbo ìjọ."

"O máa sọ ọ́. Mo máa jókòó síwájú kí n lè gbọ́ ọ dáadáa." Ó dìde, ó gun àpótí, ó na ọwọ́ sí orí àjà níbi tí èéfín ti sọ gbogbo nǹkan di dúdú. Ó já ìdì àgbàdo mẹ́ta sílẹ̀, tí wọ́n fi háríhá wọn so pọ̀. Kò tó oko ẹ̀yìn odò, ó lè tó ìdajì rẹ̀. Ó gbé wọn lé Ìyàwó lápá bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀.

"Èyí," ni ó wí, "bó o bá fẹ́, fọ̀ ọ́. Rẹ ẹ́. Fi ọṣẹ sí i bó bá wù ọ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí wọn ò sọ fún ọ."

Ó padà jókòó, ó tẹ ẹ̀rọ.

Nílé, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ti ń lu páànù. Ìyá Àgbà àti Ìyàwó jókòó sídìí ààrò, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yọ ọmọ àgbàdo lára ṣùkù sínú igbá. Bàbá Kọ́ọ̀sì jáde láti inú yàrá. Kò dé fìlà. Ìwé àjákọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, eteetí rẹ̀ ṣì mọ́ bí ìgbà tí wọ́n rà á. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ṣí i, ó ń wá ibì kan láàrin rẹ̀.

"Ó wà níbí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Ibi tí wọ́n ti ní ká má fọ̀ ọ́. Kí n kà á?"

Ìyàwó kò gbójú sókè. Ó ju ṣùkù kan sínú iná, ó mú òmíràn.

"Ẹ kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́."